Lórí Omi, A Kì Í Sọ Pé Ó Tán

"Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá Dúró. Ẹ kú oòrùn. Ẹ kú ìnáwó. Ọkọ̀ yín ti fẹ́ kan ààlà o."

Orímisan ò dá a lóhùn. Ó ti ki àjẹ̀ ẹ̀ bọ omi, ó fi etí ọ̀tún lé ìdí igi náà, ó dijú bí ẹni tí ìyàwó tuntun ń sọ̀rọ̀ sí létí. Bí wọ́n ṣe ń pẹja ní Ìsinmi nìyẹn láti ayébáyé. Ẹja àpò kì í ṣe ẹja tó mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Tí wọ́n bá pọ̀ nísàlẹ̀, wọn á máa kùn ṣáá, bí ọkùnrin tí wọ́n gbé oúnjẹ tí ò lẹ́ran síwájú ẹ̀. Igi àjẹ̀ á gbé ohùn wọn wá sókè, apẹja á gbọ́, á mọ ibi tóun máa da àwọ̀n sí.

Àmọ́ ohun tí àjẹ̀ gbé wá sétí ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ò yàtọ̀ sí ti àná, kò yàtọ̀ sí ti ìjẹta. Hùùùn. Hùùùn. Ohùn tí kì í mí, tí kì í wúkọ́, tí kì í sùn. Ohùn àwọn Alápámẹ́ta ni.

Wọ́n dúró níwájú ẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ, títí ojú ò fi tó wọn mọ́. Òpó funfun lásán ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga débi pé ìkùukùu ń gbá a lórí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ju apá mẹ́ta yípo lójú ọ̀run, kí wọ́n lè fi afẹ́fẹ́ ṣe iná. Okùn pupa kan ló yí wọn ká lójú omi, òun ni ààlà. Ẹnu okùn yẹn lẹni tó ń kí i wà: ike pupa rìbìtì kan, ó tóbi tó táńkì omi, ó lójú kan, ó lẹ́nu kan, kò lẹ́sẹ̀, ó kàn ń léfòó ni. Kọ́ńpìnnì tó ni àwọn òpó náà, tí wọ́n ń pè ní Ọgbà Afẹ́fẹ́, ní Aṣojú ni kí wọ́n máa pè é. Ẹlẹ́nu-Dídùn làwọn ará Ìsinmi ń pè é ní tiwọn.

"Bàbá Dúró, mo ní ẹ kú ìnáwó."

"Ìnáwó kí ni?" Orímisan yọ etí lórí àjẹ̀. "Ta ló sọ fún ẹ pé mò ń sìnkú? Ta ló kọ́ ẹ ní kíkí pàápàá?"

"Ẹ má bínú. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́."

"Mi ò palẹ̀ nǹkan kan mọ́."

"Ẹ kú ìdúró."

"Ẹn-hẹ́ẹ̀n. Ìyẹn fẹ́ jọ ọ́ díẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, àpò kan fò sókè lẹ́yìn okùn pupa, ó tàn yinrin nínú oòrùn, ó padà já sómi, gbàjà! Ó sanra bí ọmọ olówó. Kò pẹ́ ni òmíràn tún fò.

"Olúwa ò, ẹ wo ìwọ̀sí," ni Orímisan wí.

"Ẹja Ọgbà ni wọ́n, Bàbá Dúró. Ohun tó ń hù sí ẹsẹ̀ òpó ni wọ́n ń jẹ. Ara wọn le dáadáa."

"Mo rí i pé ara wọn le. Ṣé o ò lè bá mi bẹ ọ̀kan kó yọjú síta?"

"Wọn kì í jáde. Wọ́n mọ ààlà."

"Ó dáa náà. Ẹja mọ òfin ju èmi lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ kú ìfaradà. Báwo ni ẹja lónìí?"

Ìbéèrè tó máa ń bi gbogbo ọkọ̀ tó bá ń darí lọ sílé nìyẹn. Orímisan wo inú ọkọ̀. Ẹyẹ òkun kan ló wà níbẹ̀, apá Alápámẹ́ta ló gé e já bọ́ sómi. Bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ kan náà wà níbẹ̀. Àwọ̀n gbẹ, ó gbẹ bí ẹní tí wọ́n sá.

"Ó kún," ni Orímisan wí.

Ṣé ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí nílé wa. Tí iyọ̀ bá tán nínú ìkòkò, ìyá wa kì í la ẹnu sọ pé ó tán, ó máa ní ó kún. Ta ló fẹ́ fẹnu ara ẹ̀ pe òṣì? Àmọ́ tàwọn apẹja Ìsinmi tún le ju ìyẹn lọ. Orí ilẹ̀ gbígbẹ nìkan ni wọ́n ti ń sọ pé ẹja tán. Tó o bá sọ ọ́ lórí omi, òkun á gbọ́, á ní ẹni yìí ti gba gbogbo tiẹ̀ lọ́wọ́ mi, á pa ilẹ̀kùn dé, ohunkóhun tó o bá sì ní lọ́dọ̀ ẹ̀ ò ní jáde mọ́ láyé. Torí ẹ̀, ọkọ̀ ì báà gbẹ kó máa dún bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, tí wọ́n bá bi apẹja, ó kún.

"Ẹ ṣé é," ni Ẹlẹ́nu-Dídùn wí. "Ó kún. Mo ti gbọ́. Ohun tí gbogbo ọkọ̀ Ìsinmi ń sọ fún mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi síbí nìyẹn. Ó mú iṣẹ́ rọrùn fún Ilé Ẹjọ́ Omi."

Orímisan ti ń yí imú ọkọ̀ padà. Ó dáwọ́ dúró. "Ilé ẹjọ́ ti ṣe dé ọ̀rọ̀ àwa méjì?"

"Wọ́n bi mí pé ṣé àwọn òpó yìí ń lé ẹja, ṣé ebi ń pa apẹja. Mi ò lè dáhùn fúnra mi, torí mi kì í pẹja. Ohùn yín ni mo fi tó wọn létí. Ó kún, ó kún, ó kún. Wọ́n ní kò sí ìpalára kankan. Wọ́n ti fọwọ́ sí Ọgbà Kejì."

"Níbo ni Ọgbà Kejì máa wà?"

"Láti ibí lọ dé ẹnu ilé yín. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ òní, màá sún ààlà."

"Sún un lọ síbo?"

"Sẹ́yìn yín, Bàbá Dúró. Ẹ máa wà nínú ẹ̀. Ìtumọ̀ ìyẹn ni pé ẹ ò ní lè wà níbẹ̀ mọ́. Ẹ kú ìṣípòpadà."

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kọ́kọ́ pa Orímisan lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀hún ò dénú. Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní ń pa òrofó, ó ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, kò mọ̀ pé ẹnu òun lẹ́nu òrofó.

"Gbọ́ mi," ló wí, "ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ la sọ. Tá a bá ní ó kún, kì í ṣe pé ó kún."

"Ó kún, kò kún?"

"Ó kún, àmọ́... Ṣé o ò lọ́kàn ni? Wo inú ọkọ̀ mi!"

"Ẹnu apẹja lẹ̀rí, Bàbá Dúró. Ojú mi kì í ṣe ẹ̀rí. Òfin gbà kẹ́ ẹ yí ọ̀rọ̀ yín padà. Apẹja tó ní òrùka àṣẹ ìpẹja lẹ́nu ọkọ̀ lè fẹnu ara ẹ̀ sọ nǹkan míì, láti inú ọkọ̀ náà, níwájú mi níbí, kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣì ní òrùka ní Ìsinmi. Mò ń gbọ́. Báwo ni ẹja?"

Orímisan lanu. Ó mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ahọ́n ẹ̀ gbé e, ó gbé e dé etí ètè, ètè ò gbà. Ló bá gbọ́ tí ẹnu ara ẹ̀ ní:

"Ó kún."

"Ẹ ṣé é," ni Ẹlẹ́nu-Dídùn wí.

*

Tẹ́ ẹ bá rí Ìsinmi láyé ìgbà yẹn, ẹ ò ní pè é nílùú. Àwọn pátákó ike àti táńkì tí wọ́n so mọ́ra ni, wọ́n wá kọ́ ilé páànù lé e lórí. Ìsinmi gidi wà nísàlẹ̀, òkun ti gbé e mì, ilé, ọjà, itẹ́ òkú, gbogbo ẹ̀. Ilé gogoro agogo ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ṣì yọrí, ara ẹ̀ ni wọ́n so ìlú mọ́ kó má baà ṣí lọ. Iná tí Ọgbà Afẹ́fẹ́ ń ṣe ń gba inú okùn abẹ́ omi kọjá lábẹ́ ìdí wọn, ó ń lọ tan Èkó Gíga. Àtùpà làwọn ará Ìsinmi ń tàn.

Bálẹ̀ Ògúnfẹyìmí ló kọ́kọ́ rí i. Orí àga ló jókòó sí lẹ́nu ilé ẹ̀, ó fi fìlà bo orúnkún.

"Orímisan! Ṣó kún?"

"Ó kún."

"Ó kún ni, àbí ó kún?"

"Bálẹ̀, ó kún!"

"Háà." Bálẹ̀ gbé fìlà lé orí. Ohùn ló fi mọ̀ ọ́n. Èèyàn tí ò bá dàgbà síbẹ̀ ò lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.

Orímisan so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ gbogbo ẹ̀ fún un bó ṣe rí. Kó tó sọ ọ́ dé ìdajì, ìyàwó ẹ̀, Mòsúnmọ́lá, ti jáde síta pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, ó fẹ́ gba ẹyẹ òkun ọ̀hún, kó tu ìyẹ́ ẹ̀.

"Sọ ọ́ fún un!" ni Bálẹ̀ kígbe. "Kí lò ń wá bọ̀ nílé? Sọ ọ́ fún un pé ó... pé ó ti... Ìwọ náà mọ ohun tí mò ń wí!"

"Bálẹ̀, ẹ sọ ọ́ ká gbọ́."

"Èmi? Orí omi ni mo wà."

"Orí kí lèmi máa wà tí mo bá débẹ̀?"

"Ìwọ lo ní òrùka!"

"Ẹ̀yin náà ní tẹ́lẹ̀," ni Mòsúnmọ́lá dá sí i, kò tilẹ̀ gbójú sókè lára ẹyẹ. "Ẹ fi gba ẹ̀rọ tó ń sọ omi iyọ̀ di mímu lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì. Ẹnu ẹ̀rọ yẹn lẹ máa gbà pẹja báyìí."

"Ìyá Dúró, omi ẹ̀rọ yẹn, ẹ̀yin náà ń mu ún."

"Mò ń mu ún, mò ń sọ̀rọ̀ ẹ̀."

Bálẹ̀ yíjú sí Orímisan, ohùn ẹ̀ wá rọlẹ̀. "Gbọ́, àbúrò mi. Òfin àwọn bàbá wa ò sọ pé ká má sọ ọ́. Ó ní ká dé orí ilẹ̀ ká tó sọ ọ́."

"Ilẹ̀ wo, Bálẹ̀?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo yíká. Ẹ mọ̀ pé àṣejù ni wíwò yẹn, wọ́n mọ ohun tó wà níbẹ̀. Omi ni. Níbi tí ọ̀run ti kan omi, omi tún ni. Igbókọ̀dá tí wọ́n ti ń pè ní òkè, tí wọ́n ti ń lọ ra iṣu, omi ti ń gba ojú fèrèsé ibẹ̀ wọlé. Àwọn bàbá wọn ṣe òfin, wọn ò rò ó pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ilẹ̀ fúnra ẹ̀ máa tán. Bẹ́ẹ̀ ni, ilẹ̀ kún.

"Màá sọ ọ́ lórí omi, kó máa bọ̀," ni Orímisan wí. "Kí ló kù tí òkun fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

Mòsúnmọ́lá ju ọ̀bẹ sílẹ̀.

Ọ̀wọ̀ pọ̀ lẹ́nu obìnrin yìí. Láti ọjọ́ tí Orímisan ti fẹ́ ẹ, "ẹ" ló ń pè é. Àmọ́ tí inú bá bí i, ọ̀wọ̀ á fò lọ.

"O ní kí ló kù? Orímisan, o ní kí ló kù? Dúró ńkọ́?"

Bálẹ̀ ṣí fìlà, ó tún gbé e lé orúnkún.

Ọmọ wọn kan ṣoṣo ni Dúrójayé. Ìgbà tí kọ́ńpìnnì ń gbá ẹsẹ̀ àwọn òpó mọ́lẹ̀ ló lọ. Ẹ̀rọ ńlá kan ni wọ́n fi ń gbá a, gbì, gbì, gbì, àwo ń jábọ́ lórí pẹpẹ ní Ìsinmi, ẹja ń yọ sókè pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ létí. Dúró ní òun fẹ́ lọ wo ibi tí àwọn ẹja tó kù sá lọ. Òun ò padà, ọkọ̀ ò padà, àjẹ̀ pàápàá ò padà. Ní Ìsinmi, tí òkun ò bá dá òkú padà, kò sí òkú. Wọn kì í ṣọ̀fọ̀, wọn kì í wọ dúdú. Wọ́n á ní, ó wà lókun. Ọdọọdún ni Ẹlẹ́nu-Dídùn ń bèèrè, torí òrùka ẹnu ọkọ̀ yẹn, orúkọ bàbá àti orúkọ ọmọ ló wà lórí ẹ̀. "Ìyá Dúró, Dúrójayé ńkọ́?" Mòsúnmọ́lá á ní, "Ó wà lókun."

"Tó o bá sọ ọ́ lórí omi," ni Mòsúnmọ́lá wí, "òkun á pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọmọ mi. O fẹ́ kó kan ilẹ̀kùn níbẹ̀, kí wọ́n ní bàbá ẹ ti ní ó tán?"

"Mòsúnmọ́lá, tí ààlà bá sún, a ò ní sí níbí mọ́. Wọ́n máa tú okùn wa kúrò lára ṣọ́ọ̀ṣì. Tí Dúró bá wá padà dé, ta ló máa bá?"

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Mòsúnmọ́lá nu ìyẹ́ ẹyẹ tó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wọnú ilé. Wọ́n gbọ́ nǹkan tó já, ṣàkà, bí ìgbà tí èèyàn fa igi tu.

Ìgbà tó jáde, abọ́ tánganran ńlá ló gbé mọ́ àyà. Gbogbo Ìsinmi ló mọ abọ́ yẹn. Lọ́jọ́ tí omi wọlé, tí àwọn ẹlòmíì ń gbé bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń gbé ìkòkò, Mòsúnmọ́lá ń fi ọwọ́ wa erùpẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbin ewúro sínú ẹ̀, ewúro yẹn nìkan sì ni ewé tó kù nílùú. Ó ti fà á tu báyìí. Erùpẹ̀ lásán ló wà nínú abọ́.

"Ilẹ̀ nìyí," ló wí. "Ẹnu ọ̀nà ilé yín ni. Ibẹ̀ ni Dúró ti kọ́kọ́ rìn. Ẹ bọ́ bàtà yín. Ẹ dúró sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ọ́ látorí ẹ̀. Òkun ò ní lẹ́jọ́ kankan tó máa bá wa rò."

Bálẹ̀ dìde lórí àga ẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin náà. Ó dàgbà jù ú lọ dáadáa.

*

Àwọn méjèèjì ló lọ. Mòsúnmọ́lá ń tukọ̀, Orímisan di abọ́ mú láàárín ẹsẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ. Oòrùn ti ń sún sí ìwọ̀ oòrùn, òjìji àwọn Alápámẹ́ta ti gùn wá pàdé wọn lójú omi, ó ń lu ọkọ̀ wọn kọjá, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

"Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá Dúró. Ẹ kú ọ̀sán, Ìyá Dúró." Ojú kan ṣoṣo yẹn wo abọ́. "Ẹ kú ọ̀gbìn."

"Ọ̀sán ló kí wa, ìrọ̀lẹ́ ò tíì tó," ni Mòsúnmọ́lá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ tètè."

Orímisan bọ́ bàtà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sínú abọ́, ó gbé èkejì. Ọkọ̀ yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, ìyàwó ẹ̀ di ṣòkòtò ẹ̀ mú lẹ́yìn. Erùpẹ̀ náà tutù, ó rọ̀. Ó ti pẹ́ tí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ ti kan nǹkan tí kì í mì. Omi yọ lójú ẹ̀ láìjẹ́ pé ó pinnu ẹ̀.

"Bàbá Dúró, báwo ni ẹja?"

"Ẹja tán."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó dúró kí nǹkan ṣẹlẹ̀. Òkun ò ru, afẹ́fẹ́ ò yí. Hùùùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

"Ẹja tán!" Ọ̀rọ̀ wá tú jáde lẹ́nu ẹ̀ bí omi tó ya bèbè. "Ó tán! Ó ti tán tipẹ́! Gbogbo ìgbà tá à ń sọ fún ẹ pé ó kún, ó ti tán! Àpò tán, ṣawá tán, ọ̀bọ̀kún tán, edé tí a kì í kà sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀, ó tán! Ariwo yín ti gba omi kan, a ò gbọ́ ẹja mọ́, ẹja ò gbọ́ ara wọn. Àwọn tó kù ti bá yín wọlé, ẹ tilẹ̀kùn. Ẹyẹ tẹ́ ẹ bá pa là ń jẹ, bí ológbò! Ó tán, ó tán, ó tán!"

Mòsúnmọ́lá ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń na ọkọ ẹ̀ lẹ́yìn. "Ẹ ti sọ ọ́! Ẹnu yín ti là! Orí ilẹ̀ lẹ ti sọ ọ́!"

"Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ òtítọ́," ni Ẹlẹ́nu-Dídùn wí. "Ó dùn mí púpọ̀. Mo ti fi ránṣẹ́ sí Ilé Ẹjọ́ Omi. Wọ́n ti dáhùn."

"Wọ́n ti dáhùn? Kíá báyìí?"

"Wọn kì í pẹ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yín wọlé. Wọ́n ní níbi tí ẹja bá ti tán, kò sí apẹja mọ́. Níbi tí kò bá sí apẹja, òrùka ti kú. Omi tí kò lólórùka, ti Ọgbà ni. Ààlà á sún ní ìrọ̀lẹ́."

Orímisan dúró nínú abọ́ ẹ̀. "Tí mo bá ní ó kún ńkọ́?"

"Ààlà á sún ní ìrọ̀lẹ́."

"Kí wá lo ní kí n wá sọ?"

"Òtítọ́, Bàbá Dúró. Ẹ sì ti sọ ọ́. Ẹ kú iṣẹ́."

Omi ń yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀ láti ìdí ọkọ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó ti kan ìdí abọ́.

"Ó ku ohun kan," ni Ẹlẹ́nu-Dídùn wí. "Orúkọ méjì ló wà lórí òrùka yín. Òfin ní a ò gbọdọ̀ sún ààlà kọjá lórí apẹja tó bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lókun. A gbọ́dọ̀ dúró dè é títí tó fi máa kó àwọ̀n ẹ̀ wálé. Ìyá Dúró, ẹ ti ń sọ fún mi lọ́dọọdún. Mo tún bi yín. Dúrójayé ńkọ́?"

Mòsúnmọ́lá wo ọkọ ẹ̀. Àwọn méjèèjì rí i lẹ́ẹ̀kan náà, ìmọ́lẹ̀ bíńtín yẹn, ó tàn lójú wọn bí ìgbà tí èèyàn ṣáná sínú afẹ́fẹ́. Ilé Ẹjọ́ ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ní ìtumọ̀ míì. Wọ́n ti gba "ó kún" gbọ́ bó ṣe wà, wọ́n ti gba "ó wà lókun" gbọ́ bó ṣe wà. Wọ́n lè dúró dè é títí ayé!

"Ó wà lókun," ni Mòsúnmọ́lá wí. Ohùn ẹ̀ le.

"Ẹ ṣé é. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ẹ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́."

"O ní kí ni?"

"Ẹnu apẹja lẹ̀rí. Kó fẹnu ara ẹ̀ dá mi lóhùn. Ẹ pè é."

Orímisan ní, "Mòsúnmọ́lá, jẹ́ ká máa lọ."

Kò gbọ́ tiẹ̀. Ó ti dìde nínú ọkọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu bí ìpè. Ó kọjú sí àárín àwọn òpó, ibi tí ọmọ ẹ̀ forí lé lọ́jọ́ yẹn.

"Dúró! Dúró ooo!"

"Mo ti gbọ́," ni Ẹlẹ́nu-Dídùn wí. "Mò ń dúró."

"Ìwọ kọ́ ni mò ń bá wí!"

"Ẹ ní kí n dúró."

"Ọmọ mi ni mò ń pè! Dúró! Dúró, ìyá ẹ ni o! Dúró!"

"Mò ń dúró, Mà. Mò ń dúró."

Ó pè é títí ohùn ẹ̀ fi há. Gbogbo ìgbà tó bá pè é, ike pupa yẹn á dá a lóhùn jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé òun ń dúró. Orímisan fẹ́ dì í mú, àmọ́ tó bá kúrò nínú abọ́, ọkọ̀ á dojú dé. Ibẹ̀ ló wà, ó dúró gbọnrangandan lórí ilẹ̀ tó kù láyé, ó ń wo oòrùn tó ń sọ̀ sẹ́yìn apá àwọn Alápámẹ́ta.

Nígbà tí ohùn ò jáde mọ́, Mòsúnmọ́lá kúnlẹ̀. Ó mú àjẹ̀, ó tì í bọ omi, ó fi etí lé ìdí ẹ̀. Kò ṣe é rí láyé ẹ̀, iṣẹ́ ọkùnrin ni wọ́n ka ìyẹn sí ní Ìsinmi. Ó dijú. Ó pẹ́ lórí ẹ̀ gan-an.

"Kí lo gbọ́?" ni Orímisan bi í.

Obìnrin náà ò gbé etí kúrò lórí igi.

"Ó kún," ló wí.

Omi ti wọnú abọ́. Orímisan rí i bí erùpẹ̀ ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀ ṣe ń di ẹrọ̀fọ̀, tó ń gba àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ jáde, tó ń ṣàn lọ sí ìdí ọkọ̀. Okùn pupa tú kúrò níbi tó wà. Ó gba abẹ́ ọkọ̀ wọn kọjá láìkan nǹkan kan, bí ejò tó ń lọ jẹ́jẹ́ ẹ̀, ó forí lé ọ̀nà Ìsinmi.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," ni Ẹlẹ́nu-Dídùn wí. "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin àlejò wa."